Ẹ̀dà 25 tí kò dé: ọ̀ràn Miracleman àti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí ìtàn rẹ̀ fi dúró sójú kan

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, ilé iṣẹ́ Eclipse Comics ní ìpínlẹ̀ California tẹ ẹ̀dà 24 ìwé ìtàn aláwòrán Miracleman jáde. Ìtàn náà kò tíì dé ìdajì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti kú láti ọdún 1963 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí dìde, ó sì lajú sínú ayé tí kò sí ogun tàbí ebi mọ́, ayé tí Miracleman, ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un nínú iṣẹ́ akọni, ti di ọlọ́run tí gbogbo ènìyàn ń gbójú sókè wò. Kò mọ ibi tí òun yóò fi ara sí. Ẹni tí ó bá ka ẹ̀dà náà tán yóò mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ bàjẹ́, yóò sì máa retí ẹ̀dà 25 kí ó lè mọ ohun náà. Neil Gaiman ti kọ ẹ̀dà 25, Mark Buckingham sì ti yà á. Síbẹ̀ kò dé ọjà. Ọdún náà parí, kò dé. Ọ̀rúndún náà parí, kò dé. Àwọn tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà ti di ẹni tí ọmọ tirẹ̀ ń lọ sí yunifásítì kí ó tó dé orí àtẹ.

Mo kọ ọ̀ràn yìí sílẹ̀ nítorí pé ọ̀nà tí àwa olólùfẹ́ ìwé akọni ń gbà sọ̀rọ̀ nípa ìdádúró kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbàkúùgbà tí ẹ̀dà kan bá pẹ́, ohun tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wa ni pé ọ̀lẹ ni ayàwòrán, tàbí pé òǹkọ̀wé ti gba iṣẹ́ sinimá, kò sì ráyè ti ìwé mọ́. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, n kò sì ní sọ pé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kò falẹ̀ rí nínú ọ̀ràn Miracleman pàápàá. Ṣùgbọ́n ìdádúró ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kì í ti ọwọ́ ayàwòrán wá. Inú ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti wá: ta ni ó ni akọni yìí? Ẹni tí ó bá ti rí ìdílé méjì tí ń jà lórí ilẹ̀ kan, tí olúkúlùkù ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́wọ́, tí koríko sì ti bo ilé tí wọ́n kọ́ dé ojú fèrèsé mọ́ ibẹ̀, ti mọ bí ọ̀ràn náà ṣe rí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Orísun rẹ̀ jìn ju ọdún 1993 lọ. Ní ọdún 1940, ilé iṣẹ́ Fawcett ní Amẹ́ríkà gbé akọni kan jáde tí ń jẹ́ Captain Marvel. Bill Parker ni ó kọ ọ́, C. C. Beck sì ni ó yà á. Ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Billy Batson ni, tí yóò pe ọ̀rọ̀ idán kan, àrá yóò sán, ọmọ náà yóò sì di géńdé alágbára. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ní àwọn ọdún 1940, ó ń tà ju Superman fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n ni Superman, ìyẹn ilé iṣẹ́ National tí a mọ̀ sí DC lónìí, pe Fawcett lẹ́jọ́ ní ọdún 1941 pé wọ́n jí iṣẹ́ àwọn kọ. Ẹjọ́ náà gba ọdún méjìlá. Ní ọdún 1951, Adájọ́ Learned Hand ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá DC láre lórí kókó ọ̀rọ̀ náà, ó sì dá ẹjọ́ padà kí wọ́n lọ ṣírò ohun tí wọ́n jí kọ. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1953, ìwé akọni kò tà bíi tàtijọ́ mọ́, Fawcett sì rí i pé eré náà kò tó owó ẹjọ́. Wọ́n san 400,000 dọ́là, wọ́n sì dá Captain Marvel dúró.

Ẹni tí ìparí yìí dùn jù kò sí ní Amẹ́ríkà rárá. Ilé ìtẹ̀wé L. Miller & Son ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń tún Captain Marvel tẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjà náà sì ń tà fún wọn dáadáa. Nígbà tí Fawcett dáwọ́ dúró, orísun àwọn Miller gbẹ. Wọ́n lọ bá Mick Anglo, ẹni tí ó ní yàrá iṣẹ́ àwọn ayàwòrán, pé kí ó wá ohun tí àwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Anglo yí aṣọ akọni náà padà, ó fi irun góòlù rọ́pò irun dúdú, ó sọ Billy Batson di Micky Moran, ọmọ tí ń jíṣẹ́ ní ilé ìròyìn, ó sì fi ọ̀rọ̀ tuntun sí i lẹ́nu: Kimota, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún agbára átọ́ọ̀mù, tí ó kọ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ó pe akọni náà ní Marvelman. Kí àwọn oníbàárà má baà sá lọ, wọn kò tún nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Captain Marvel ti dé 24, nítorí náà 25 ni Marvelman àkọ́kọ́ jẹ́, ó sì jáde ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1954. Bí ó ṣe jẹ́ pé lẹ́yìn 24 ni Captain Marvel dúró, tí ó tún jẹ́ lẹ́yìn 24 ni Miracleman dúró ní nǹkan bí ogójì ọdún sí i, jẹ́ ohun tí mo máa ń rántí lọ́pọ̀ ìgbà tí mo bá ń ronú lórí ọ̀ràn yìí.

Marvelman ń jáde títí di ọdún 1963, ẹ̀dà 346 lápapọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Anglo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1960. Lójú mi, àṣìṣe ńlá àkọ́kọ́ wà níhìn-ín. Kò sí ẹni tí ó ka ìwé àdéhùn sí nǹkan bàbàrà, nítorí gbogbo wọn gbà pé ìwé ọmọdé tí wọn yóò kà tán, tí wọn yóò sì jù nù, ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí àwọn Miller kógbá sílé, akọni náà wà nílẹ̀ bí ilẹ̀ tí olówó rẹ̀ rìnrìn àjò, tí kò sí pátákó orúkọ lórí rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1982, Dez Skinn bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó pè ní Warrior, ó sì fẹ́ kí Marvelman padà wá nínú rẹ̀. Òǹkọ̀wé tí ó gbé iṣẹ́ náà fún ni Alan Moore, tí orúkọ rẹ̀ kò tíì rinlẹ̀ nígbà náà. Garry Leach ni ó kọ́kọ́ yà á, Alan Davis sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Moore ṣe ni ó sọ ìwé yìí di ohun tí àwọn ènìyàn lè fi ọgbọ̀n ọdún dúró dè, nítorí náà ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Moore kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Mike Moran, akọ̀ròyìn kan tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí ikùn rẹ̀ ti ń yọ, tí orí máa ń fọ́, tí owó ìyàwó rẹ̀ sì pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ó máa ń lálàá pé òun ń fò, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kò lè rántí. Ọjọ́ tí ó rántí rẹ̀, àrá sán, akọni náà sì padà sáyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, gbogbo àwọn ìrìn àjò aláràbarà tí wọ́n tẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, ìyàwó náà rẹ́rìn-ín, nítorí bí àgbàlagbà bá fetí sí i, kò mọ́gbọ́n wá. Láti inú ẹ̀rín yẹn ni Moore ti fa gbogbo ìtàn náà yọ: ta ni ó fi irú ìrántí bẹ́ẹ̀ sí ọkùnrin yìí lórí, kí sì ni wọ́n ń fi pamọ́ lábẹ́ rẹ̀? Ó tún mú ọmọ kejì nínú ẹbí akọni náà, Johnny Bates, ó sì ní ọmọ yìí kò padà sí ara ọmọdé rẹ̀ rí láti ọdún 1963, pé ó ti dàgbà sínú agbára láìsí ẹni tí ó lè bá a wí. Èmi kò mọ ọ̀tá kan nínú ìwé akọni tí ó bà mí lẹ́rù tó ọmọkùnrin yẹn nínú kóòtù olówó iyebíye rẹ̀.

Orúkọ ni ó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ní ọdún 1984, ilé iṣẹ́ Skinn tẹ ẹ̀dà àkànṣe kan tí orúkọ Marvelman hàn gàdàgbà lórí rẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò Marvel, ilé iṣẹ́ ìwé akọni ní Amẹ́ríkà, sì kọ̀wé pé orúkọ náà fara jọ tiwọn jù. Ó dùn mí láti kọ ọ́ pé ní ọdún 1954 tí Anglo sọ akọni rẹ̀ lórúkọ, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà yẹn kò tíì máa jẹ́ Marvel. Ṣùgbọ́n ẹni tí àpò rẹ̀ jìn ni ó ń lè dúró ní kóòtù. Irú ọ̀ràn orúkọ yìí ti kan ilẹ̀ wa náà rí. Ní ọdún 1975, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwé akọni aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n pè ní Powerman, tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà. Dave Gibbons, ẹni tí ó wá bá Moore ya ìwé akọni Watchmen lẹ́yìn náà, àti Brian Bolland ni wọ́n jọ ń pín àwòrán rẹ̀ yà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1988, ó di dandan kí akọni náà máa jẹ́ Powerbolt, nítorí Marvel ti ní Power Man tiwọn.

Ìtàn Marvelman dúró nínú Warrior ní ọdún 1984, Warrior fúnra rẹ̀ sì kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1985, lẹ́yìn ẹ̀dà 26. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Eclipse gbé e dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ tuntun, Miracleman. Kí ó tó dé ibẹ̀, wọ́n ti gé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ sí wẹ́wẹ́: òǹkọ̀wé ní ìpín, ayàwòrán ní ìpín, ilé iṣẹ́ ní ìpín. Eclipse ra ìpín ilé iṣẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ní ohùn rara ni bóyá àwọn tí ń pín in ni ó ni ín. Moore sọ ní gbangba lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé wọ́n ti jẹ́ kí òun gbà gbọ́ pé ẹ̀tọ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fún òun, àti pé ìgbà tí ó ti pẹ́ ni òun tó gbọ́ pé Mick Anglo kò fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ láti ọdún 1982, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó wà.

Kí n má baà ṣe ojúsàájú, mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìdádúró tí ó jẹ́ ti ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀dà mẹ́rìndínlógún ni Eclipse tẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 1985 títí di oṣù kejìlá ọdún 1989. Ìwé tí ń jáde lóṣooṣù ìbá ti parí iye yẹn láàárín ọdún kan ààbọ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àmúwá Ọlọ́run: ní oṣù kejì ọdún 1986, odò Russian River kún bo ìlú Guerneville tí ọ́fíìsì Eclipse wà, omi sì ba ẹrù ìwé wọn jẹ́, débi pé ìtàn àtijọ́ ni wọ́n fi dí àlàfo ẹ̀dà 8. Èyí tí ó kù jẹ́ ti bí iṣẹ́ náà ṣe rí. John Totleben, tí ó ya ẹ̀dà 11 títí dé 16, jẹ́ ẹni tí ń fi ìlà tíńtín kún ojú ewé bí ẹni ń hun aṣọ, ó sì jẹ́ ẹni tí àrùn ojú tí ń dín ìríran kù díẹ̀díẹ̀ ń bá jà. Ẹ̀dà 15, tí Johnny Bates ti sọ Lọ́ńdọ̀nù di ibojì, jáde ní ọdún 1988. Kí ẹnikẹ́ni tó bú ọkùnrin yìí pé ó pẹ́, kí ó kọ́kọ́ wo ojú ewé tí ó fi hàn wá bí ìlú náà ṣe rí lẹ́yìn ìjà, kí ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè yá. Mo máa ń sọ fún àwọn tí a jọ ń kà á pé ìdádúró tí ó bí ẹ̀dà 15 àti ìdádúró tí ó pa ẹ̀dà 25 mọ́lẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà: nínú ti àkọ́kọ́, ẹnì kan jókòó nídìí iṣẹ́, ó ń ṣe é, nínú ti èkejì, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí ó láṣẹ láti gbé e.

Lẹ́yìn ẹ̀dà 16, Moore kúrò, ó sì fi ìpín tirẹ̀ lé Neil Gaiman lọ́wọ́. Gaiman àti Buckingham bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1990. Wọ́n pète ìwé mẹ́ta, ẹ̀dà mẹ́fà mẹ́fà: ìgbà wúrà, ìgbà fàdákà, ìgbà òkùnkùn. Ti wúrà parí ní ẹ̀dà 22. Ti fàdákà bẹ̀rẹ̀ ní 23, ó dé 24, ibẹ̀ ni Eclipse ti ṣubú. Ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró ní ọdún 1994, ó sì wọ ọ̀nà ìwọgbèsè.

Ní ọdún 1996, wọ́n ta ohun tí ó ṣẹ́kù nínú Eclipse ní gbàǹjo, Todd McFarlane, ẹni tí ó dá ìwé akọni Spawn sílẹ̀, sì ra gbogbo rẹ̀ ní 25,000 dọ́là. Ó gbà pé Miracleman wà nínú ẹrù náà. Gaiman ní tirẹ̀ mọ̀ pé òun ní ìpín tí Moore fún òun. Ọ̀ràn míì ti wà láàárín àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀, nítorí Gaiman ti bá McFarlane kọ ẹ̀dà 9 ìwé Spawn ní ọdún 1993, ó sì dá àwọn ènìyàn inú ìtàn bí Angela àti Cogliostro sílẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó gbà lórí wọn kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ bí ó ti fẹ́. Ní ọdún 1997, wọ́n jọ sọ ọ́ pé kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, kí Gaiman yọ̀ǹda ti Spawn, kí McFarlane sì yọ̀ǹda ti Miracleman. Ìjíròrò náà fọ́ ní ọdún 1999. McFarlane wá ń lo Mike Moran nínú ìwé tirẹ̀ kan. Gaiman pè é lẹ́jọ́ ní ọdún 2002, ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Kí owó ẹjọ́ lè wà, ó kọ ìtàn kan fún Marvel tí ń jẹ́ 1602, ó sì darí èrè rẹ̀ sí ilé iṣẹ́ kékeré tí ó dá sílẹ̀ láti tú ìdí ọ̀ràn Miracleman.

Ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà dá Gaiman láre ní oṣù kẹwàá ọdún 2002. Ní oṣù kejì ọdún 2004, Adájọ́ Richard Posner ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Ó ní bí ẹnì kan bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu dá ènìyàn inú ìtàn kan, tí ẹlòmíràn sì fi àwòrán wọ̀ ọ́ láṣọ, àwọn méjèèjì jọ ni ín, kódà bí ohun tí ẹni àkọ́kọ́ mú wá kò bá tó ohun tí òfin ìbá dáàbò bò bí ó bá dá dúró. Ìdájọ́ yìí wúlò fún gbogbo òǹkọ̀wé ìwé àwòrán, mo sì gba ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ náà nímọ̀ràn pé kí ó wá a kà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa olólùfẹ́ ṣì í túmọ̀. A yọ̀ pé Gaiman ti gba Miracleman padà, a sì ń ka oṣù tí ẹ̀dà 25 yóò dé. Orí àwọn ènìyàn inú Spawn ni ilé ẹjọ́ ti dájọ́. Kò sọ ẹni tí ó ni Miracleman, nítorí náà kò sí ohun tí ìdájọ́ náà ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà yìí, ìwé náà ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń fẹnu sọ ju ohun tí wọ́n ń kà lọ. Kò sí ẹni tí ó láṣẹ láti tún un tẹ̀. Ẹ̀dà àtijọ́ wọ́n bí ojú, pàápàá ẹ̀dà 15, àwọn tí kò sì lówó ń gba àdàkọ lọ́wọ́ ara wọn. Díẹ̀ nínú ojú ewé ẹ̀dà 25 yọ jáde nínú ìwé kan ní ọdún 2001, àwọn ènìyàn sì ń wò ó bí ẹni tí ó rí ọbẹ̀ gba inú gíláàsì. Àwọn kan di ọmọ ẹ̀yìn Gaiman, àwọn kan di ti McFarlane, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn fún ọdún mẹ́wàá. Orúkọ Mick Anglo kì í sábà wọ inú àríyànjiyàn náà. Ó ṣì wà láyé, ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti dàgbà gan-an.

Ní oṣù keje ọdún 2009, níbi àpéjọ Comic-Con ní San Diego, Marvel kéde pé àwọn ti ra Marvelman lọ́wọ́ Mick Anglo. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni Anglo nígbà náà. Ìkéde kan ṣoṣo yìí yí ọ̀ràn náà padà dé gbòǹgbò, nítorí bí ó bá jẹ́ pé Anglo ni ó ni ín láti ọdún 1954, a jẹ́ pé ohun tí Eclipse ní kéré ju ohun tí wọ́n rò lọ, ohun tí McFarlane rà ní gbàǹjo sì kéré sí i. Ilé iṣẹ́ tí ó ní kí wọ́n yí orúkọ padà ní ọdún 1984 ni ó wá di olówó orúkọ náà. N kò ka èyí sí àbùkù fún Marvel, nítorí àwọn ni wọ́n lọ sí ìdí ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì lọ bá ẹni tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn ti lọ bá. Anglo kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Inú mi dùn pé ó gba owó lórí iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó lọ.

Àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó kù tún gba àkókò. Oṣù kìíní ọdún 2014 ni ìtẹ̀jáde àtúntẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Moore ní kí wọ́n má fi orúkọ òun sí i, ibi tí orúkọ rẹ̀ ìbá wà sì ń pè é ní Òǹkọ̀wé Àkọ́kọ́, láìdárúkọ. Ní ọdún 2015, ìgbà wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú orúkọ Gaiman àti Buckingham, wọ́n sì ṣèlérí pé ti fàdákà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìlérí náà tún fà gùn. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìgbà fàdákà tó dé, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀dà 24 ti Eclipse.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan sọ pé irú ìdúró bẹ́ẹ̀ kò tọ́ sí ìwé kankan, pé ìtàn tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti kú. Mo lóye ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí ayé tí Gaiman ń kọ fún ní ọdún 1993 kọ́ ni ayé tí ó kà á ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n mo rò pé wọn kò wo ohun tí Buckingham ṣe. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré ni nígbà tí iṣẹ́ náà dúró, ó sì ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta nígbà tí ó padà sí i. Ó lè mú àwòrán àtijọ́, kí ó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé, kò sì sí ẹni tí yóò bú u. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún jókòó ti ẹ̀dà 23 àti 24 tí ayé ti rà, tí wọ́n sì ti kà, ó tún wọn yà, kí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jí dìde náà lè bá èyí tí yóò ní ní àwọn ẹ̀dà tó ń bọ̀ mu.

Ẹ̀dà kẹta nínú ìtẹ̀jáde tuntun náà ni ohun tí ẹ̀dà 25 ìbá jẹ́. Ìgbà òkùnkùn, ìwé kẹta tí wọ́n pète láti ọdún 1990, kò tíì ní ojú ewé kan tí wọ́n tẹ̀ títí ọdún 2024 fi parí. Nígbà tí àwọn tí a jọ ń kà á bá bi mí léèrè ìgbà tí yóò dé, mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ni àdéhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.